Táńkì Omi Òkun Tuntun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Kí Kọ́ràlì Àkọ́kọ́ Tó Wọlé

Àwọn ìbéèrè yìí ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí táńkì wọn ti kún, tí iná rẹ̀ ti tàn, tí wọn ò sì lè mú sùúrù mọ́. Táńkì lítà 100 ni mo fi ń ṣírò, torí irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́ndọ̀nù ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè láti Èkó kò kéré, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fi gba àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹranko ni kọ́ràlì ni, àbí ewéko?

Ẹranko ni. Ó ní ẹnu, ó ní ikùn, ó ní àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí ẹnu ká tó fi ń mú ohun tó bá léfòó kọjá. Àmọ́ nínú ẹran ara rẹ̀, àwọn algae (ohun abẹ̀mí bí ewéko inú omi) tín-ín-tín kan wà tí wọ́n ń pè ní zooxanthellae. Ayálégbé ni wọ́n: wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, oúnjẹ yẹn ni wọ́n sì fi ń san owó ilé. Bí omi bá gbóná jù, tàbí tí iná le jù lójijì, kọ́ràlì á lé wọn jáde, àwọ̀ rẹ̀ á sì funfun báláú. Kò tíì kú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ebi ti dé.

Oríṣi méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Kọ́ràlì rírọ̀ kì í kọ́ eegun ńlá sábẹ́ ara rẹ̀. Kọ́ràlì eléegun ń fa calcium àti carbonate láti inú omi, ó fi ń mọ eegun, torí náà ó ń jẹ nínú omi yín lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Ṣé òun ni wọ́n fi ń ṣe iyùn tí àwọn ọba ń wọ̀?

Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ara Corallium rubrum ni ojúlówó iyùn pupa ti ń wá, inú Òkun Mẹditaréníà ló sì ń gbé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Kò ní ayálégbé kankan lára, ohun tó bá fẹnu mú nìkan ló ń jẹ. Ẹ ò ní bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹja.

Ṣé mo lè lo omi ẹ̀rọ?

Rárá o. Omi ẹ̀rọ dára fún mímu, kò dára fún kọ́ràlì. Chlorine tàbí chloramine wà nínú rẹ̀, bàbà lè ti wọ inú rẹ̀ láti ara páìpù, bàbà sì ń pa ohun gbogbo tí kò ní eegun ẹ̀yìn. Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé iṣẹ́ omi tún ń fi phosphate sí i kí òjé inú páìpù àtijọ́ má baà yòrò sínú omi tí à ń mu. Ìlera wa ni wọ́n ń ṣọ́, ṣùgbọ́n phosphate yẹn náà ni oúnjẹ algae.

Omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ RO/DI sẹ́ (ẹ̀rọ tó ń yọ ohun tó yòrò sínú omi kúrò) ni kí ẹ lò. Ẹ ra mítà TDS kékeré, èyí tó ń ka iye ohun tó yòrò sínú omi, kò wọ́n. Òdo ló gbọ́dọ̀ kọ. Bó bá ti ń kọ 2 tàbí 3, resin inú ẹ̀rọ ti ń tán nìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì fẹ́ ra ẹ̀rọ lè máa gbé gálọ́ọ̀nù lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù ẹja.

Pure water ń kọ́? Ẹ ki mítà yẹn bọ inú ọ̀rá kan, ẹ ó rí ìdáhùn fúnra yín.

Mo wà létí òkun ní Èkó. Kí ló dé tí mi ò lè lọ bu omi ní Elegushi?

Omi òkun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí kọ́ràlì ń fẹ́. Ọ̀sà ń tú sínú rẹ̀, òjò ń là á, àwọn odò náà ń kó omi aláìníyọ̀ àti ẹrẹ̀ wá sí etíkun wa. Iyọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ láàárín oṣù kejì àti oṣù keje. Kọ́ràlì wà lágbègbè São Tomé àti Príncipe, níbi tí omi ti mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní bá òkè kọ́ràlì ńlá kankan ní etíkun Nàìjíríà. Ká má tíì sọ epo ọkọ̀ ojú omi àti ìdọ̀tí ìlú.

Àwọn ìlú kan wà láyé tí wọ́n ti ń lo omi òkun gidi fún táńkì, àmọ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ bu ú jìnnà sí èbúté. Tèmi ni pé kí ẹ ra iyọ̀.

Iyọ̀ wo, báwo ni mo sì ṣe máa pò ó?

Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún táńkì kọ́ràlì ní calcium, magnesium, potassium àti àwọn nǹkan míì nínú. Ìwọ̀n gíráàmù 36 sí 40 fún lítà kan ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Ẹ ka ara páálí rẹ̀.

Omi ló ń ṣáájú. Ẹ bu omi RO sínú garawa, ẹ fi pọ́ǹpù kékeré sí i kó máa yí i, ẹ jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́ dé nǹkan bíi 25°C, kí ẹ wá máa da iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kó iyọ̀ sílẹ̀ tó wá da omi lé e lórí ń pe wàhálà: calcium àti carbonate á pàdé ara wọn níbi tí wọ́n ti pọ̀ jù, wọ́n á di ìyẹ̀fun funfun tó jókòó sísàlẹ̀ garawa, kò sì ní yòrò mọ́. Bẹ́ ẹ bá pò ó dáadáa, omi á kọ́kọ́ rú, ẹ ò ní rí ìsàlẹ̀ garawa. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, á mọ́ gaara débi pé ẹ ó lè ka nọ́ńbà ara pọ́ǹpù.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ kán omi méjì mẹ́ta sí ojú gíláàsì refractometer, irinṣẹ́ tí à ń fi wọn iyọ̀ inú omi, ẹ bò ó, ẹ gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí búlúù àti funfun ti pàdé ni ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tí à ń wá ni 35 ppt (apá 35 nínú ẹgbẹ̀rún kan), tàbí 1.026 lójú ìdíwọ̀n kejì tí wọ́n ń pè ní specific gravity. Omi ìdíwọ̀n 35 ppt tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré ni kí ẹ fi tún irinṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tó bá fi omi lásán nìkan tún un ṣe lè máa ka irọ́ fún oṣù mẹ́fà láìmọ̀.

Òkúta ńkọ́?

Òkúta gbígbẹ kò wọ́n, kòkòrò apanirun kankan kò sì tẹ̀ lé e wá, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó di ilé fún àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń tún omi ṣe. Òkúta tó ti inú òkun wá tòun ti ohun ẹlẹ́mìí lára rẹ̀ ń yára, owó rẹ̀ sì ga. Èyí ó wù kó jẹ́, orí gíláàsì ìsàlẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbé e lé, kí iyanrìn wá yí i ká. Ẹja àti edé tó ń walẹ̀ wà. Bí wọ́n bá gbẹ́ abẹ́ òkúta tó jókòó lórí iyanrìn, á wó, gíláàsì ló sì máa gbà á. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ kí omi lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Kí ni cycle tí gbogbo ènìyàn ń sọ?

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà ń di amóníà, amóníà sì jẹ́ májèlé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ amóníà di nitrite, àwọn míì ń sọ nitrite di nitrate, tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Orí òkúta àti iyanrìn ni wọ́n ń gbé. Táńkì tuntun kò tíì ní wọn tó, cycle sì ni àkókò tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà.

Ẹ má fi ẹja ààyè ṣe é. Ìyà ló ń jẹ ẹja, kò sì yá ju ọ̀nà míì lọ. Ẹ ra ammonium chloride tí wọ́n ṣe fún táńkì, ẹ kán an títí amóníà á fi dé 2 ppm (apá méjì nínú mílíọ̀nù kan), ẹ da kòkòrò àìfojúrí inú ìgò sí i, kí ẹ wá dúró. Amóníà á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, nitrite á gòkè, á dúró lókè títí á fi fẹ́ẹ̀ sú yín, lẹ́yìn náà òun náà á wálẹ̀. Nígbà tí 2 ppm amóníà bá ti lè di òdo láàárín wákàtí 24, tí nitrite náà sì jẹ́ òdo, ó ti parí. Ẹ pààrọ̀ omi tó pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í sọ fún ènìyàn: nígbà tí nitrite bá ṣì pọ̀, ohun ìdánwò nitrate máa ń gbé iye tó ga ju òótọ́ lọ. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Amóníà ti di òdo. Ṣé kí n lọ ra kọ́ràlì lónìí?

Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn. Ohun tí òdo yẹn sọ ni pé ìgbẹ́ ẹja kò ní pa ẹnikẹ́ni. Kò sọ bóyá omi yín dúró sójú kan. Nínú òkun tí kọ́ràlì ti wá, iyọ̀, ooru àti alkalinity (ìwọ̀n carbonate àti irú rẹ̀ nínú omi) kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Nínú lítà 100, fèrèsé kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀ mọ́jú ti tó láti yí ooru padà.

Torí náà, ẹ ra ìwé kékeré. Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn cycle, kí ẹ máa kọ ìwọ̀n iyọ̀ àti ooru sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa dán alkalinity wò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn, táńkì yín ti tó ohun tí à ń pè ní ilé. Tó bá ń lọ sókè sódò, ẹ wádìí ohun tó ń fà á kí owó tó jáde.

Iye wo ni mo ń wá?

Alkalinity 8 sí 9 dKH (òun ni ìdíwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á), calcium 400 sí 450 ppm, magnesium 1250 sí 1350 ppm, nitrate 2 sí 10 ppm, phosphate 0.03 sí 0.1 ppm, ooru 24 sí 26°C. Nínú òkun gidi, alkalinity sún mọ́ 7, calcium sún mọ́ 420, magnesium sì lé díẹ̀ ní 1280.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yan ọ̀kan tí ẹ ó máa ṣọ́ jù, alkalinity ni. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ fa mílílítà 5 omi táńkì sínú ìgò kékeré, ẹ máa kán oògùn rẹ̀ sí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa mi ìgò náà. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, omi á di búlúù, á wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán kan péré ni yóò sì sọ ọ́ di yẹ́lò. Iye ẹ̀kán tí ẹ kà ni iye dKH yín. Òun ló kọ́kọ́ ń sọ fún yín pé kọ́ràlì ti ń mọ eegun, torí pé bí alkalinity bá fi 1 dKH wálẹ̀, nǹkan bíi 7 ppm péré ni calcium tó bá a lọ. Láti 420 sí 413, ta ló máa rí i? Láti 8 sí 7, gbogbo ènìyàn á rí i.

Mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: táńkì tó wà ní 7.5 láti oṣù tó kọjá sàn fíìfíì ju èyí tó jẹ́ 9 lánàá, 7.5 lónìí, tí olówó rẹ̀ tún ń da oògùn sí i lálẹ́ yìí kó lè padà sí 9. Ẹ má fi ju 1 dKH lọ yí i padà lóòjọ́. Pípààrọ̀ lítà 10 lọ́sẹ̀ tó fún kọ́ràlì díẹ̀. Ẹ ò nílò oògùn kankan ní oṣù àkọ́kọ́.

Nitrate àti phosphate mi jẹ́ òdo pátápátá. Ó dára, àbí?

Kò dára. Kọ́ràlì àti ayálégbé rẹ̀ ń lo méjèèjì. Omi tó mọ́ jù báyìí náà ni dinoflagellates, ohun abẹ̀mí tín-ín-tín búráùn tó ń bo táńkì, fẹ́ràn, wọ́n sì le láti lé kúrò ju algae èyíkéyìí lọ. Ẹ fún ẹja lóúnjẹ díẹ̀ sí i, ẹ dín ìpààrọ̀ omi kù, ẹ yọ ohun tó ń fa phosphate kúrò nínú asẹ́.

Iyanrìn mi ti di búráùn, òkúta ti hu irun àwọ̀ ewé. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Gbogbo táńkì tuntun ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Búráùn àkọ́kọ́ ni diatoms, irú algae tín-ín-tín kan. Silicate ni wọ́n ń jẹ, bó bá ti tán nínú iyanrìn tuntun, àwọn náà á lọ. Algae àwọ̀ ewé ló máa ń tẹ̀ lé e. Àsìkò yìí ni kí ẹ ra ìgbín òkun mẹ́rin sí mẹ́fà. Trochus ni mo fẹ́ràn, torí tó bá já bọ́ dojú délẹ̀ ó lè yí ara rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ nínú Astraea kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kú sí. Ẹ fi ọwọ́ tu irun tó gùn, ẹ fi túùbù fa ẹrẹ̀ jáde nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi.

Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni búráùn tó yọ̀ bí ikun, tí afẹ́fẹ́ rógódó dì mọ́ lórí, tó ń dínkù lóru tó sì ń padà lọ́sàn-án. Dinoflagellates nìyẹn. Ẹ dá ríra kọ́ràlì dúró.

Iná wo ni mo nílò, wákàtí mélòó?

LED tí wọ́n ṣe fún kọ́ràlì, tí búlúù rẹ̀ pọ̀. Gílóòbù ilé kò lè ṣe é. PAR ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀: 50 sí 150 tó fún kọ́ràlì rírọ̀, Acropora, kọ́ràlì eléegun kan, àti ẹbí rẹ̀ ló ń béèrè 200 sí 350. Ẹ wádìí bóyá ṣọ́ọ̀bù yín ń yáni ní mítà PAR, kò yẹ kí ènìyàn rà á torí ọjọ́ kan. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lóòjọ́ ti tó. Iná tó le jù ń pa kọ́ràlì tuntun ju èyí tí kò tó lọ; ẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ máa gbé e sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní Èkó, iná ń lọ, ooru sì pọ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ tó ra gíláàsì. Bí iná bá lọ, kì í ṣe òkùnkùn ló ń pa wọ́n. Kọ́ràlì lè fara da ọjọ́ kan méjì láìsí ìmọ́lẹ̀. Ọ́síjìn ló ń tán nígbà tí omi kò bá rìn mọ́, wákàtí díẹ̀ sì lè tó láti pa ẹja. Pọ́ǹpù tó ń ru omi ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ inverter, ẹ tọ́jú pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kan tì í. Ìmọ́lẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ti ooru ló le. Fáànù tó ń fẹ́ sójú omi lè mú un tutù níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, àmọ́ afẹ́fẹ́ Èkó ní ọ̀rinrin, iṣẹ́ fáànù á dínkù. Ẹ ó nílò chiller, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, tàbí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní inverter tàbí sólà tó lè gbé ìyẹn, ẹja omi odò ni kó sìn, wọ́n lẹ́wà, wọn kì í sì fìyà jẹni.

Ní ti àwa tó wà ní ilẹ̀ òtútù, hítà kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ. Hítà tó bá há sórí iná á se táńkì. Èyí tó kéré kò ní agbára láti se é tán kí ẹ tó jí.

Omi ń fà. Ṣé omi iyọ̀ ni kí n fi dí i?

Omi RO lásán ni. Iyọ̀ kì í bá omi fà. Bí lítà 2 bá fà nínú 100, 35 ppt ti di 35.7, ẹni tó bá wá fi omi iyọ̀ dí i lójoojúmọ́ á bá a ní 40 kó tó mọ̀.

Kọ́ràlì wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Discosoma, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí olú. Ó ń gbé níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, kò sì ń bẹ̀rù nitrate. Sarcophyton náà dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó máa ń pa ara rẹ̀ dé fún ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ á máa dán, á wá bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sọnù kó tó ṣí padà. Kò kú, ẹ má yọ ọ́ jù sí ilẹ̀. Green star polyps rọrùn, àmọ́ orí òkúta tó dá dúró lórí iyanrìn ni kí ẹ gbé e sí, torí ó máa ń bo ohun gbogbo tó bá fara kàn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ eléegun, Duncan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Goniopora àti Acropora, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà tí táńkì bá pé ọdún kan tàbí kó sún mọ́ ọn. Anemone, ẹranko òkun tó jọ òdòdó, náà ń bẹ nínú ẹjọ́ yìí. Clownfish, ẹja kékeré tó máa ń gbé inú anemone nínú òkun, kò nílò rẹ̀ láti wà láàyè nínú táńkì.

Wọ́n ní zoanthid, mọ̀lẹ́bí kọ́ràlì kan, ní májèlé. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Àwọn kan nínú ẹbí wọn, pàápàá Palythoa, ní palytoxin, ọ̀kan nínú àwọn májèlé tó le jù tí a mọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ní Steventon ní Oxfordshire, ìdílé kan dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n kó kọ́ràlì jáde láti fọ̀. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ má da omi gbígbóná lé e, ẹ má sè òkúta tó wà lára rẹ̀ láé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, pàápàá tí ọwọ́ yín bá ní egbò. Ẹni tó bá ní ọmọdé nílé lè kúkú fi í sílẹ̀, kọ́ràlì ẹlẹ́wà míì pọ̀.

Mo ti rà á. Kí ni mo ń ṣe tí mo bá délé?

Ẹ pa iná táńkì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó lójú omi fún ogún ìṣẹ́jú kí ooru méjèèjì lè bára dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi táńkì sínú abọ́ funfun, ẹ po oògùn ìwẹ̀ kọ́ràlì sí i bí ara ìgò rẹ̀ ṣe wí, ẹ gbé kọ́ràlì sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ fi sírínjì aláìlábẹ́rẹ́ máa fẹ́ omi sí i lára. Ẹ tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́: ẹ lè rí aràn tó ń ká, ìgbín tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, àwọn nǹkan pẹlẹbẹ tó ń wẹ̀ kiri. Ẹ yẹ ẹ̀yìn òkúta kékeré tó jókòó lé wò fún ẹyin àti Aiptasia, anemone búráùn tó mọ́ gàrà, tó ń sá wọnú ihò tí ẹ bá kàn án. Ọ̀kan péré tó bá wọlé lè di ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ ẹ bá lè yọ kọ́ràlì kúrò lórí òkúta ṣọ́ọ̀bù kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiyín, ó dára jù.

Ẹ fi omi táńkì mìíràn ṣàn án, ẹ da omi abọ́ àti omi ọ̀rá nù. Orí iyanrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí. Ó lè ṣí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó lè gbà á lọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹ má máa gbé e kiri.

Ṣé mo lè kó kọ́ràlì bọ̀ láti ibi tí mo lọ ṣe ìsinmi?

Gbogbo kọ́ràlì eléegun ló wà nínú Àfikún Kejì CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu. Láìsí ìwé àṣẹ, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ ra èyí tí wọ́n gé lára ìyá rẹ̀ nínú táńkì ẹlòmíì, ó ti mọ ìgbé ayé gíláàsì tẹ́lẹ̀.

Ìgbà wo ni mo lè ra èkejì?

Nígbà tí àkọ́kọ́ bá ti ń ṣí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ìwé yín sì fi hàn pé alkalinity kò fò. Bó bá jẹ́ eléegun ni ẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ wo iye tí dKH ń dínkù láàárín ìpààrọ̀ omi méjì. Bó bá ti ju 0.5 lọ, ẹ mọ bí ẹ ó ṣe máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ tó gbé ẹlòmíì tó ń jẹ ẹ́ wọlé.